Ẹ Bi Dókítà Ẹranko Léèrè: Ajá Kékeré Tí Párì Rẹ̀ Fara Pa

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá kékeré kan wà nílé wa ní Kubwa, Lhasa tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ajá ilé ni, kò wúwo ju kílò 4 lọ, àwọn ìbejì mi ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mẹ́gáàdì ilé tó kọjú sí tiwa ṣí géètì fún mọ́tò, ajá ńlá wọn já jáde, ó fi ẹnu gbá Tanímọ̀la mú lórí, ó sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kí èmi àti mẹ́gáàdì náà tó rí i gbà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan, ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́, itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú sì ń kán sílẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á wò mí lójú, á sì padà lọ dùbúlẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kí n fún un ní paracetamol àwọn ọmọ. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní kí n fi aṣọ di ẹnu rẹ̀ pinpin kí egungun lè so, ẹlòmíràn sì ní kí n fi í sílẹ̀ nítorí egungun ajá a máa so fúnra rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe, kí ni mo sì lè fún un jẹ? Àwọn ọmọ kò sùn lóru àná.

Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ní ọjọ́ tí ìwé yín dé ọwọ́ mi ni mo ti fi ìdáhùn kúkúrú ránṣẹ́ sí orí fóònù yín pé kí ẹ má fún un ní oògùn kankan, kí ẹ má di ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé irú ọ̀ràn yìí kì í dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yóò jáde. Àlàyé kíkún ni mo ń ṣe níhìn-ín, fún ẹ̀yin àti fún ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní agbègbè Abuja, àwọn ajá kékeré tí egungun párì tó ṣẹ́ pa kò pọ̀ rárá. Àwọn tí ebi pa, tí òùngbẹ pa, tí ooru pa, tàbí tí oògùn tí onílé fi ìfẹ́ fún wọn pa, ni wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí n óò fi pẹ́ lórí ohun tí ẹ óò máa ṣe nílé ju bí n óò ṣe pẹ́ lórí iṣẹ́ abẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí paracetamol tí Bàbá Ìbejì dámọ̀ràn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣíbí oògùn kan, ìyẹn 5 ml, nínú oògùn olómi àwọn ọmọdé sábà máa ń ní nǹkan bíi 120 mg. Bí ọmọ tó wúwo tó kílò 12 bá mu ún, 10 mg ni yóò kan kílò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀. Bí Tanímọ̀la bá mu ṣíbí kan náà, 30 mg ni yóò kan kílò kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá gún hóró kan ti àgbàlagbà, èyí tó jẹ́ 500 mg, sínú oúnjẹ fún un, ó ti di 125 mg lórí kílò kan, èyí sì tó láti ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, bí ó bá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di èyí tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara dáadáa mọ́. Ibuprofen àti diclofenac tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ajá, nítorí pé wọ́n máa ń dá egbò sínú ikùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oògùn ìrora tí a ṣe fún ajá wà, meloxicam jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ṣùgbọ́n oníṣègùn ni yóò wọn ajá kí ó tó mọ ìwọ̀n tí yóò fún un, kò sì ní fún un bí omi bá ti gbẹ lára rẹ̀.

Ní ti dídi ẹnu, mo rántí ajá kan tí wọ́n gbé wá láti Nyanya nínú oṣù Kẹta, ní àsìkò tí ooru Abuja máa ń mú ènìyàn láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Onílé ti ya etí ìró, ó fi di ẹnu ajá náà yíká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta á ní kókó lẹ́yìn etí, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé, ara rẹ̀ gbóná ju 42 lọ lórí òṣùwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ara ajá kọjá nǹkan bí 39, ahọ́n rẹ̀ sì ti dúdú níbi tí aṣọ ti há a mọ́ eyín. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bíi tiwa. Ẹnu tó là, tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí ó bá sì bì nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èébì náà yóò gbà lọ. Òótọ́ ni pé àwa náà máa ń ṣe ohun tó jọ ọ́, a máa ń fi téèpù ṣe ìdè fẹ́ẹ́rẹ́ yí imú ajá ká, ṣùgbọ́n a óò fi àlàfo bíi mílímítà 5 sí 10 sílẹ̀ láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí ahọ́n lè máa yọ lá omi, a kì í sì í ṣe é fún ajá tí imú rẹ̀ kúrú jù, tàbí èyí tó ń bì, tàbí èyí tí kò mí dáadáa. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé mo kí wọn, kò burú pé wọ́n rò ó, àmọ́ kí a má ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ fi táwẹ̀lì wé e láti ọrùn dé ìdí, nítorí pé ajá tó mọ̀ yín láti ọmọdé lè bù yín jẹ bí ìrora bá gbà á lọ́kàn. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ nínú páálí tí aṣọ wà nínú rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ lè máa ṣàn jáde, kí wọ́n má baà padà sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fa okùn sí i lọ́rùn. Ẹ má fi Dettol fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má fi epo kùn ún, ẹ má sì gbìyànjú láti tẹ àgbọ̀n náà padà sí ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà nínú ìwé yín, òun sì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ṣé ajá aládùúgbò yín ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi? Ẹ lọ béèrè káàdì rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí déètì tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin àti mẹ́gáàdì ni ẹ gba Tanímọ̀la lẹ́nu ajá náà. Bí eyín rẹ̀ bá ha ẹnikẹ́ni nínú yín, kódà kí ó má ju bí ẹ̀gún ṣe ń gún ni lọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí àwọn onílé yẹn so ajá wọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá ṣáká ní òpin ọjọ́ náà, a jẹ́ pé àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣe ọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ọjọ́ mẹ́wàá yìí fi ilé ìwòsàn falẹ̀. Tanímọ̀la náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ mìíràn, kódà bí ó bá ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ oníṣègùn, wọn yóò kọ́kọ́ wo mímí rẹ̀ àti ojú rẹ̀, nítorí pé orí tí ajá ńlá ti gbọ̀n lè ti fara pa nínú, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní oògùn oorun kí wọ́n lè la ẹnu rẹ̀ wò, kí wọ́n sì ya àwòrán egungun rẹ̀ láti ọ̀nà méjì ó kéré tán. Egungun méjì ló para pọ̀ di párì ìsàlẹ̀ ajá, ọ̀tún àti òsì, wọ́n sì so pọ̀ ní iwájú àgbọ̀n gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ìsopọ̀ yẹn nìkan ló là, ẹ dúpẹ́, nítorí pé wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n bá fi yí párì ká lẹ́yìn eyín gígùn méjèèjì ti iwájú lè mú un dúró títí yóò fi jinná, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí egungun fúnra rẹ̀ bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ náà le díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, àyàfi bí ajá bá jẹ́ ọmọdé. Ó sì lè jẹ́ pé kò ṣẹ́ rárá, pé oríkèé tó wà nítòsí etí ni ó yẹ̀. Ibi tí àgbọ̀n wọ́ sí lè tọ́ oníṣègùn sọ́nà, àwòrán ni yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ihò kéékèèké tí eyín dá sí awọ orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tàn yín, nítorí pé ẹran abẹ́ rẹ̀ lè ti ya lọ jìnnà.

Ẹ rí i pé ẹni tí ẹ gbé e lọ bá jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìwé Veterinary Council of Nigeria, kì í ṣe ẹni tó kàn ń ta oògùn ẹran lọ́jà tó sì ń gún ajá ní abẹ́rẹ́. Bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín bá sọ pé iṣẹ́ náà ju agbára àwọn lọ, ẹ má bínú sí wọn, òótọ́ ni wọ́n ń bá yín sọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria wà lára ibi tí wọ́n lè darí yín sí. Ẹ ní kí wọ́n tún wo gbogbo eyín rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Nínú ajá kékeré, gbòǹgbò eyín ńlá ti ẹ̀yìn máa ń jìn wọ inú párì débi pé egungun díẹ̀ ló kù lábẹ́ rẹ̀, bí àrùn eyín bá sì ti jẹ díẹ̀ náà, ohun tí kò tó nǹkan lè ṣẹ́ ẹ. Mo ti tọ́jú Lhasa ọlọ́dún mẹ́wàá kan tí egungun adìyẹ tó ń họ ṣẹ́ ní párì.

Ó wá ku oúnjẹ. Ebi ń pa Tanímọ̀la. Ìdí tó fi gbóòórùn oúnjẹ tó sì wò yín lójú nìyẹn. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó fi eyín mú un. Ajá kílò 4 tó dùbúlẹ̀ nílé nílò nǹkan bíi 200 kálórì lóòjọ́. Ẹyin sísè kan, ẹran adìyẹ sísè tí kò ní awọ tàbí egungun, bí gíráàmù 50, àti ìrẹsì tó jinná dáadáa tó kún ọwọ́ ọmọdé kan yóò kájú rẹ̀. Ẹ fi omi tí ẹ fi se adìyẹ náà lọ̀ wọ́n pọ̀ nínú blẹ́ńdà títí yóò fi rí bíi gbẹ̀gìrì tí kò ki, tí kò ní kókó kankan, tó sì ń ṣàn lórí ṣíbí. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ata àti Maggi, àlùbọ́sà ni kí ẹ sì sá fún jù, tútù tàbí sísè, nítorí pé ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ajá tó fara pa ní ògì lásán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi ló pọ̀ jù nínú ògì, ikùn ni ó ń kún, ara kò rí nǹkan fi ṣe egungun tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ lo ògì, ẹ fi ẹyin àti ẹja tí ẹ ti ṣa egungun rẹ̀ kúrò lọ̀ ọ́ pọ̀. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, nítorí náà ìwọ̀n ọjọ́ kan ni kí ẹ máa sè.

Ẹ bù ú sínú àwo pẹlẹbẹ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé àwo náà lé orí àpótí kékeré kí ó ṣe déédéé àyà rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lá a fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lá a, ẹ fi ìka kan díẹ̀ sí i ní ètè òkè kí ahọ́n rẹ̀ lè bá a níbẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, tí oníṣègùn sì gbà, ẹ lo sírínjì 5 ml tí kò ní abẹ́rẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Kí Tanímọ̀la jókòó tàbí kí ó fi àyà lélẹ̀, kí orí rẹ̀ wà ní ipò tó máa ń wà, ẹ má ká a sókè rárá. Ẹ ti ẹnu sírínjì sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níhà tí kò fara pa, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní bíi 1 ml, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ kí ẹ rí i pé ó gbé e mì, kí ẹ tó tẹ òmíràn. Bí ó bá wúkọ́, ẹ ṣíwọ́. Omi tí yóò mu lóòjọ́ jẹ́ 200 sí 240 ml, kò tó ìdajì omi inú ọ̀rá kan, ẹ sì lè ka èyí tó wà nínú oúnjẹ mọ́ ọn. Ẹ máa fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè; bí kò bá tètè padà sílẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, omi ti ń tán lára rẹ̀. Bí ó bá lo ọjọ́ kan sí méjì tí kò jẹ nǹkan gidi, ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọ ọ̀nà oúnjẹ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn onílé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ajá fara mọ́ ọn ju sírínjì lọ, iṣẹ́ yín yóò sì fúyẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi sísè tó ti tutù ṣan ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá ń rùn ju ti àná lọ, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, tàbí tí wáyà bá yọ sóde, ẹ pe oníṣègùn. Kò sí egungun, kò sí igi, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sì sí pé àwọn ìbejì ń bá a fa aṣọ, títí wọn yóò fi tún àwòrán yà tí wọn yóò sì rí i pé ó ti so. Ẹ lè fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ wíwọ̀n rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá ń fọn, inú ìwé náà ni a óò ti kọ́kọ́ rí i.

ÌBÉÈRÈ

Ajá mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ajá kékeré ilé ni. Kò ṣubú, ajá kankan kò bá a jà lójú wa, ṣùgbọ́n láti ìjẹta ni àgbọ̀n rẹ̀ ti já wálẹ̀ tí itọ́ sì ń dà. Ohùn rẹ̀ yí padà, abẹ́ ibùsùn tó ṣókùnkùn ni ó sì ń lọ. A rò pé egungun ló há a lọ́fun, ọmọ-ọmọ mi sì ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò tí ì gba abẹ́rẹ́ rí. Ṣé párì rẹ̀ ni ó yẹ̀?

Bàbá Àgbà, Jos

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ bá ẹ̀yin náà sọ ọ́, mo sì tún un sọ níhìn-ín nítorí àwọn mìíràn. Ajá tí àgbọ̀n rẹ̀ já láìjẹ́ pé ó fara pa, tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, tí ohùn rẹ̀ yí padà tó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀, dìgbòlugi ni a gbọ́dọ̀ kà á sí títí a óò fi rí ẹ̀rí mìíràn. Gbogbo ajá dìgbòlugi kọ́ ni ó ń sáré kiri tó ń bu ènìyàn jẹ. Irú kan wà tó máa ń dákẹ́, tí iṣan àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ̀ yóò rọ, ìyẹn gan-an ló sì ń tan ènìyàn láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé egungun ló há lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ àìsàn iṣan ojú tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n oníṣègùn tó wọ ìbọ̀wọ́ ni yóò wò ó, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì ké sí ilé iṣẹ́ ìṣègùn ẹranko ti ìjọba. Bí ó bá kú, ẹ má sin ín, ẹ má fọ́ orí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ fún àwọn tó ń pa ajá tà fún jíjẹ, nítorí pé ẹni tó bá kun ún lè kó àrùn náà. Ọpọlọ ajá ni a fi ń mọ̀ ọ́n, National Veterinary Research Institute tó wà ní Vom láti ọdún 1924, nítòsí yín ní Plateau, sì máa ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀.

Ọmọ náà ló ká mi lára jù. Itọ́ ajá ti kan ọwọ́ rẹ̀, eyín sì lè ti ha á láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kódà bí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, èyí tí yóò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó má sì fo ọ̀kankan. Abẹ́rẹ́ yìí ń gba ènìyàn là kí àmì àrùn tó yọ. Bí àmì bá ti yọ, kò sí ohun tí a lè fi gbá a mú mọ́. Ẹ má dúró de àbájáde láti Vom. Gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan itọ́ ajá náà, ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú, kí ẹ jọ wọ mọ́tò kan náà lọ.